Mo Pe Ẹ̀rọ Àbúrò Mi Ní Ẹ̀rọ Òyìnbó

Ẹ má bá mi kẹ́dùn. Bí ẹ bá ka ìtàn yìí tán tí ẹ sì fẹ́ bú mi, ẹ bú mi dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìgbà lèmi náà ti ka ìtàn àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi nínú ìwé ìròyìn yìí, tí mo ń pòṣé sí wọn, tí mo ń sọ pé, "Irú èèyàn wo rèé?" Irú èèyàn náà nìyí. Èmi nìyí.

Mi ò sunkún bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Inú ló ń bí mi. Inú ń bí mi sí olówó kan ní Ìkòyí, inú ń bí mi sí gbogbo àwa tí a kì í mọ iyì nǹkan àfi bó bá wọkọ̀ òkun wá. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ìbínú náà, ara mi ni mo ń bínú sí.

Ẹ máa pè mí ní Sàdíátù. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni bàbá wa, Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí wa sí. Mílíìkì, ṣúgà, tíì àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ni mò ń tà ní Òkè Àrin, páálí páálí. Síkírù nìkan ni àbúrò tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí ìyá wa kú, èmi ni mo sì tọ́ ọ dàgbà. Lọ́dún 1991 tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Olówógbowó tó ti ń tún rédíò ṣe.

Kíláàbù kan wà tí wọ́n máa ń pè é sí kó wá tún ẹ̀rọ pínbọ́ọ̀lù wọn ṣe. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, àpótí gígùn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni, gíláàsì bo ojú rẹ̀, orí rẹ̀ ga ju ìdí rẹ̀ lọ díẹ̀. Èèyàn á fa ọ̀pá onísípíríǹgì kan, ọ̀pá náà á ta bọ́ọ̀lù irin kékeré sókè, bọ́ọ̀lù á máa sáré kiri, á máa kọ lu agogo, iná á máa tàn. Apá kékeré méjì wà nísàlẹ̀ tí wọ́n fi ń gbá a padà sókè. Bó bá já sí ihò ìdí rẹ̀, ó parí. Kì í ṣe kalokálò o. Kò sẹ́ni tó ń jẹ owó níbẹ̀, eré lásán ni.

Síkírù wo inú ẹ̀rọ wọ̀nyẹn títí, ó ní òun máa ṣe tòun.

Mo ní, "Ṣé orí ẹ pé? Ta ló fẹ́ rà á?"

Ó ní, "Àǹtí mi, ti àwọn òyìnbó yìí, fáktírì ló ń tú u jáde bíi búrẹ́dì. Tèmi, ẹyọ kan ṣoṣo ni màá ṣe."

Oṣù mẹ́rìnlá ló fi ṣe é. Igi ọ̀gánwó ló fi ṣe ara rẹ̀. Agogo kẹ̀kẹ́ méje ló tò sínú rẹ̀, kò sí èyí tó dún bí èkejì. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń wé wáyà, ìka rẹ̀ a sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Ó ya ọ̀sà sí ojú pákó náà, ó ya àwọn ilé Àgùdà alájà méjì tó wà ládùúgbò wa, pẹ̀lú fèrèsé onírin àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè wọn, ó ya ọkọ̀ ojú omi lóríṣiríṣi. Bí bọ́ọ̀lù bá ti já sí ihò ìsàlẹ̀, ọ̀sà ló já sí nìyẹn.

Nínú ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ náà ni ó ya bàbá wa sí. Bàbá wa ló máa ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù láti Ẹ̀pẹ́ wá sí Ẹbúté Èrò kí wọ́n tó kú. Síkírù kò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ nígbà náà, fọ́tò ló wò. Àmọ́ ó ya fìlà abetí ajá wọn, ó ya ilà tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn, ó ya bí wọ́n ṣe máa ń fi ejìká kan rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rí i, omi bọ́ lójú mi.

Ó wá kan idẹ pẹlẹbẹ kan mọ́ iwájú ẹ̀rọ náà, ó kọ ọ́ sí i pé: SÍKÍRÙ, OLÓWÓGBOWÓ, ÈKÓ.

Bùrọ̀dá Mọ̀núrù, àgbà ẹbí wa, ti bá a wá iṣẹ́ ẹrù rírù sí wọ́ọ̀fù ní Àpápá. Wọ́n ní bí Iléyá bá fi dé tí kò tíì rí ọ̀nà gidi gbé e gbà, kó palẹ̀ mọ́.

Síkírù wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ mọ ọjà. Ẹ bá mi tà á. Bí ẹnì kan bá rà á ní iye tó yẹ, mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi nìyẹn títí ayé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá tẹ̀ lé Bùrọ̀dá Mọ̀núrù."

Mo ní, "Mélòó lo fẹ́ gbà?"

Ó ní, "Mi ò mọ̀. Ẹ bá mi gbọ́ iye tí wọ́n máa dá lé e. Ibẹ̀ ni màá ti mọ iye tí ọwọ́ mi tó."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró níbí. Nínú ọjà wa, àrọ́bọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Wàá gba ọjà ọlọ́jà láìsan kọ́bọ̀, wàá tà á, wàá dá iye tí ọlọ́jà sọ padà fún un, ohun tó bá lé lórí jẹ́ tìẹ. Bí gbogbo wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àrọ́bọ̀ lófin. Ọlọ́jà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹnu ara rẹ̀ dá iye. Síkírù kò dá iye kankan. Èmi ni mo bá a dá a, mi ò sì jẹ́ kó mọ̀.

Oníbàárà mi kan ni Olóyè Adébáyọ̀. Ìkòyí ni wọ́n ń gbé. Àwọn fúnra wọn ló tẹ̀ lé dírẹ́bà wọn wá ra ohun mímu lọ́jọ́ náà, ẹnu wọn kò sì kúrò lórí ọ̀rẹ́ wọn kan tó gbé pínbọ́ọ̀lù dé láti London.

Wọ́n ní, "Madáàmù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ti pè mí wá wò ó! Ẹ̀ẹ̀mẹta! Bí ẹni pé ó ra ọkọ̀ òfuurufú."

Mo ní, "Olóyè, mo mọ ibi tí èyí tó ju ìyẹn lọ wà."

"Níbo ni wọ́n ti ṣe é?"

Olówógbowó ti dé orí ahọ́n mi. Mo búra, ó ti dé ibẹ̀. Mo wo bàtà wọn, mo wo aago ọwọ́ wọn, mo ní, "Ítálì ni, sà."

"Ṣé fáktírì ńlá ni?"

"Rárá o. Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é, ẹyọ kan péré. Ìdí tó fi wọ́n nìyẹn."

"Mélòó ni?"

Mo ní, "Ogójì ẹgbẹ̀rún náírà."

Owó mọ́tò tòkunbọ̀ ni nígbà náà, ọkọ̀ tó dáa. Mo retí kí wọ́n bú mi. Olóyè kò tilẹ̀ mí kanlẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé e wá sí ilé wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Hàlímọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wa jọ kángun síra ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bí Olóyè ṣe lọ tán, ó yọjú. "Ẹ̀rọ Síkírù lo ń pè ní ti Ítálì yẹn?"

Mo ní, "Èwo ló kàn ẹ́ níbẹ̀?"

"Ọmọ ìyá ẹ mà ni."

"Ṣé mo ní ọmọ ìyá ẹ ni?"

Ó padà sídìí ọjà rẹ̀. Ọ̀kánjúwà, baba àrùn. Ó ti mú mi, mi ò sì mọ̀ pé ara mi kò yá.

Mo gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ Síkírù, mo ní mò ń gbé e lọ fi han àwọn èèyàn. Ọ̀dọ̀ Dáfídì tó ń kọ pátákó ìpolówó ni mo gbé e lọ. Mo ní kó yọ idẹ náà, kó ṣe òmíràn tó máa ka MILANO, ITALY. Mo tún ní, "Gbogbo ojú dúdú tó wà lórí ẹ̀ yìí, sọ wọ́n di òyìnbó."

Dáfídì tẹ̀ síwájú. "Bàbá onífìlà yìí ńkọ́? Ó jọ ẹni gidi."

Mo ní, "Kùn ún."

Mo dúró tì í nígbà tó ń kùn ún. Ó fi ọ̀dà funfun bo ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá wa. Ó sọ fìlà abetí ajá wọn di akẹtẹ̀. Èmi ọmọ tí bàbá máa ń gbé jókòó síwájú ọkọ̀ wọn ló dúró síbẹ̀, tó ń sọ pé, "Imú rẹ̀ ṣì tóbi, dín in kù díẹ̀." Ẹ wá bú mi.

Nígbà tí Olóyè rí i ní pálọ̀ wọn, wọ́n pàtẹ́wọ́. "Háà! Mo ti dé ìlú yìí! Ìlú orí omi ní Ítálì! Òtẹ́ẹ̀lì tí mo sùn sí kò jìnnà sí ilé yìí rárá!"

Ilé tí wọ́n fọwọ́ kàn, ilé Àgùdà tó wà lẹ́yìn ilé wa ni. Ara ọ̀gbà rẹ̀ la máa ń sá aṣọ sí.

Olóyè san owó náà lójú ẹsẹ̀, wọn kò tilẹ̀ ná an.

Mo lọ bá Síkírù ní Olówógbowó. Ó ti gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó ti ra ọsàn sílẹ̀ dè mí. Mo jókòó, mo fajú ro.

Mo ní, "Síkírù, ó dùn mí. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín."

"Àwọn wo?"

"Gbogbo ẹni tí mo fi hàn. Ẹnì kan ló ṣàánú rà á fáwọn ọmọ rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ló san."

Ó gba owó náà, kò kà á. "Ṣé wọ́n wo inú rẹ̀, Àǹtí mi?"

"Wọ́n wò ó."

"Kí ni wọ́n sọ?"

Ǹ bá ti ní wọn kò sọ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó ń lé mi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ó dákẹ́ ìbéèrè, mo ní, "Wọ́n ní iṣẹ́ ọmọdé ni."

Ó mi orí. Ó bó ọsàn kan, ó fún mi. Mo jẹ ẹ́.

Mo ń sọ fún ara mi pé ṣe ni mo bá a fi ìyókù pa mọ́ de ìgbà tó bá fẹ́ gbéyàwó. Irọ́ ni. Kí oṣù tó parí, mo ti fi gba ṣọ́ọ̀bù kejì, mo sì ti kó ọjà kún un.

Kí Iléyá tó dé, Síkírù ti ta gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀. Ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó bá Bùrọ̀dá Mọ̀núrù lọ sí Àpápá, ó ń ru àpò símẹ́ǹtì. Bó bá wá kí mi lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á ti bó, èékánná rẹ̀ á ti fọ́. Lọ́jọ́ kan, rédíò ṣọ́ọ̀bù mi kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo gbé e fún un. Kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Ó ní, "Ẹ gbé e fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, Àǹtí mi."

Ẹni tó ti ń tú rédíò láti ọmọ ọdún méjìlá! Inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà. Mo ní ó ń ṣe bí ọmọdé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àwọn bàbá wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi àgbà wà lọ́jà o. Ọwọ́ mi ló wọ́ orí ọmọ náà, mo tún ń bá a wí pé kò gbé orí rẹ̀ tọ́.

Lóṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, Olóyè Adébáyọ̀ dé sí Òkè Àrin, ojú wọn pọ́n.

"Madáàmù, ẹ̀rọ yín ti dákẹ́. Mo pe àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n ní ẹni tó ṣe é nìkan ló máa yé. Mo ní àlejò lọ́jọ́ Sátidé, mo ti ròyìn rẹ̀ fún gbogbo wọn."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Mo mọ ẹnì kan tí àwọn ará Ítálì kọ́ níṣẹ́."

Bí irọ́ kan ṣe ń pe èkejì nìyẹn. Mo sáré lọ bá Síkírù. Mo sọ fún un pé ẹni tó ra ẹ̀rọ rẹ̀ ti tà á fún olówó kan ní Ìkòyí, pé olówó náà ń wá ẹni tó máa tún un ṣe. Mo ní, "Má ṣe bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀ o. Olówó kì í fẹ́ wàhálà."

Kò gbọ́ gbogbo ìyẹn. Ohun tó bi mí ni pé, "Ó ṣì wà? Wọn ò tíì jù ú nù?" Láti ìgbà tó ti lọ sí Àpápá, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí eyín rẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé, àlejò bíi mẹ́jọ ló wà ní pálọ̀ Olóyè. Síkírù wọlé, ó kí wọn, ó kọjú sí ẹ̀rọ náà. Mo rí i tó dúró. Mo rí i tó ka MILANO, ITALY. Ó bojú wẹ̀yìn wò mí, mo fi ojú bẹ̀ ẹ́, ó sì kúnlẹ̀ ti iṣẹ́. Ó yọ gíláàsì, ó gbé pákó sókè, ó tọwọ́ bọ inú rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí agogo fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Àwọn àlejò hó yèè. Olóyè fa ọ̀pá, wọ́n ta bọ́ọ̀lù, wọ́n ń fò sókè bí ọmọ kékeré. "Ẹ gbọ́ agogo yẹn! Ẹ gbọ́ ọ! Dúdú wo ló lè ṣe irú èyí? Ogójì ẹgbẹ̀rún náírà ni mo san fún Madáàmù yìí, kò sì dùn mí rí. Kódà bí wọ́n bá ní ọgọ́ta, màá san án."

Mo wo Síkírù. Ó ń da gíláàsì padà.

Ó rọra gbé gíláàsì náà sílẹ̀. Ó na ìka kan, ó fi kan ojú funfun tó wà lábẹ́ akẹtẹ̀ náà.

Ó ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kun bàbá mi báyìí?"

Olóyè rẹ́rìn-ín. "Bàbá ta?"

"Bàbá mi ni, sà. Èmi ni mo yà wọ́n. Èmi ni mo ṣe ẹ̀rọ yìí, ní Olówógbowó."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi èmi. Síkírù kò bá wọn jà. Ó kàn tún gbé pákó náà sókè, ó yí abẹ́ rẹ̀ sí wọn. Pákó àpótí tíì ni ó fi ṣe abẹ́ rẹ̀, èyí tó gbà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ mọ̀ pé ní Òkè Àrin, a máa ń kọ orúkọ sára ẹrù kí alábàárù má bàa gbé e ṣìnà. Lẹ́tà ńláńlá ni mo fi kọ ọ́, ọ̀dà dúdú ni mo lò.

Olóyè tẹ̀ ba, wọ́n kà á sókè. "SADIATU, OKE ARIN."

Ẹ̀rín dá.

Olóyè nàró. "Ẹ̀rọ Olówógbowó ni mo ra ní ogójì ẹgbẹ̀rún? Pàǹtí yìí? Kò tó ẹgbẹ̀rún méjì!"

Síkírù ní, "Sà, ẹ̀rọ kan náà ni. Kò sí ohun tó yí padà nínú rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti ń fò sókè."

"Pa ẹnu ẹ mọ́!" Wọ́n kọjú sí mi. "Madáàmù, ẹ ta irọ́ fún mi. Àwọn ọlọ́pàá wà lẹ́nu géètì mi. Ẹ ṣàlàyé ara yín kí n tó pè wọ́n."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibi tí mo ti lè di èèyàn padà nìyẹn. Gbólóhùn kan péré ló kù: èmi ni. Mo ro ṣọ́ọ̀bù méjèèjì, mo ro àwọn ará ọjà, mo ro bí wọ́n ṣe máa gbé mi sẹ́yìn ọkọ̀ ọlọ́pàá.

Mo nàka sí àbúrò mi. Mo ní, "Òun ni, sà. Òun ló gbé e wá fún mi, ó ní láti Ítálì ni. Mi ò mọ nǹkan kan."

Síkírù wò mí. Mo rò pé á pariwo. Mo tilẹ̀ fẹ́ kó pariwo. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn, kì í pe àgbà ní òpùrọ́ níta, pàápàá jù lọ níwájú àlejò. Ó gbé ojú kúrò lára mi, ó sọ fún Olóyè pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi ni mo tàn wọ́n."

Ọlọ́pàá méjì mú un jáde. Bí wọ́n ṣe ń mú un lọ, Olóyè ní kí owó òun pé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, pé bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ náà máa pẹ́ níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀rọ náà ńkọ́, sà? Ṣé a lè gbé e?"

Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ wo? Ìtanràn mi nìyẹn."

Mo ta ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù kejì ní ìtàkutà, mo tún yá lé e. Lọ́sàn-án Mọ́ńdè, mo gbé ogójì ẹgbẹ̀rún lọ fún Olóyè, wọ́n kọ ìwé, mo gba Síkírù jáde. Ọjọ́ méjì ló lò níbẹ̀. Wọ́n ti gbá a lójú, ètè rẹ̀ wú.

Mo kúnlẹ̀ fún un ní gbangba títì. Èmi ẹ̀gbọ́n, mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí Ítálì dé orí Dáfídì. Mo ní, "Màá san ìyókù fún ẹ. Mẹ́rìndínlógójì ẹgbẹ̀rún, màá wá a. Màá ra irinṣẹ́ mìíràn fún ẹ."

Ó ní, "Ẹ dìde, àwọn èèyàn ń wò yín."

Mo dìde. Ó ní, "Kí n bi yín ní nǹkan kan. Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ rí i ní ṣọ́ọ̀bù mi, kí ẹ tó pàdé Olóyè, ṣé ó dáa?"

Mo ní, "Ó dáa, Síkírù. Ó dáa ju gbogbo ohun tí mo ti rí lọ. Ó ju ogójì ẹgbẹ̀rún lọ."

Ó ní, "Ẹ̀ bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

Ó sọdá títì, ó wọ ọkọ̀ Àpápá. Mo gbé irinṣẹ́ tuntun lọ bá a lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó ní kí n dá a padà. Mo gbé owó lọ, ó kọ̀ ọ́. Bùrọ̀dá Mọ̀núrù bá mi bẹ̀ ẹ́ títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kò bú mi rí, kò tilẹ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní wọ́ọ̀fù tẹ́ òun lọ́rùn.

Ohun tó ń bí mi nínú jù rèé. Dírẹ́bà Olóyè ṣì máa ń wá ra ọjà lọ́wọ́ Hàlímọ̀. Ó ní ẹ̀rọ náà ṣì wà ní pálọ̀. Idẹ MILANO, ITALY ṣì wà níwájú rẹ̀, Olóyè ní kí wọ́n máa nù ún kó máa dán. Bí àlejò tuntun bá dé, Olóyè á fa ọ̀pá, wọ́n á sọ iye tí wọ́n rà á, wọ́n á ní wọ́n ti dé ìlú náà rí. Ọ̀fẹ́ ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n sì tún ń fi yangàn!

Mo sọ fún Hàlímọ̀ pé màá lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, màá yọ idẹ yẹn lójú gbogbo wọn. Hàlímọ̀ ní, "Ta ló kàn án mọ́ ọn?"

Bí ẹ bá ní ọmọ tó mọṣẹ́ ọwọ́ nínú ilé yín, ẹ má dúró de ẹni tó wọ bàtà òkè òkun kó wá bá yín sọ iye rẹ̀. Bó bá dáa, ẹ sọ fún ọmọ náà pé ó dáa. Ọ̀fẹ́ ni. Èmi ni mo ní kí ó di ohun tí a ń tà.

Ó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí. Síkírù ti gbéyàwó. Ó bí ọmọkùnrin kan lọ́dún tó kọjá, wọ́n sọ ọmọ náà lórúkọ ní Àpápá, wọn ò ké sí mi. Alábàárù kan tó ń gbé ládùúgbò wọn ló sọ orúkọ ọmọ náà fún mi, nígbà tó wá gbé ṣúgà.